"Agbára" Kan Kò Tó: Èdè-Ìperí fún Yíyan Ẹ̀rọ Ayípo Ajábọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí olùtúmọ̀ ìwé ẹ̀rọ máa ń tètè nawọ́ mú, tí ó sì máa ń kó o sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ náà ni agbára. Bí ìwé bá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ń ti nǹkan síwájú, agbára ni; bí ó bá sọ ti iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára ni; bí ó bá kan ohun tí ń yí ọ̀pá, agbára náà ni wọn yóò tún kọ. Nínú ìtàn àròsọ, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìwé tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ yóò gbára lé láti náwó, ó lè ba iṣẹ́ jẹ́.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba ni ti ẹ̀rọ CNC tí ń gbẹ́ irin. Ní ọdún 1952 ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ìgbẹ́rin tí nọ́ńbà ń darí han aráyé. Ara irin irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ ju ohun èlò oníná inú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onílé-iṣẹ́ fi ń dá ara irin náà sí, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ayípo tuntun rọ́pò ti àtijọ́.

Bí ipá tí yóò ti tábìlì ẹ̀rọ náà bá jẹ́ newton 5000, tí ọ̀pá onískúrù rẹ̀ ń sún tábìlì ní mìlímítà 5 bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, tí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà sì ń dé ara tábìlì, ohun tí yóò yí ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi newton-mítà 4.4. Ẹ̀rọ ayípo méjì wà lọ́jà, wáàtì 1000 ni wọ́n kọ sí ara méjèèjì. Èkínní ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, èkejì nígbà 2000. Newton-mítà 3.2 péré ni ti èkínní. Ti èkejì tó 4.8. Èkejì yóò ṣe iṣẹ́ náà. Èkínní kò lè ṣe é àfi bí wọ́n bá fi bẹ́líìtì dín ìyára rẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá kà á pé "agbára wọn dọ́gba" yóò ra èyí tí owó rẹ̀ bá dín.

Àṣìṣe náà kò sì ní tètè hàn. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí lè lo ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí kò tó yóò yege lọ́jọ́ ìdánwò. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wọra ni yóò gbóná, tí ẹ̀rọ ìdarí yóò sì dá a dúró.

Nítorí náà, ó yẹ kí ipá dúró fún ohun tí à ń fi newton wọ̀n, kí ipá-ìyí dúró fún ti newton-mítà, kí agbára sì jẹ́ ti wáàtì nìkan. Ó yẹ bákan náà kí ìyàtọ̀ wà láàárín ipá-ìyí àìdáwọ́dúró àti ipá-ìyí ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ servo fúnra rẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Joseph Farcot, ará Faransé, ni ó lò ó nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1873, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ẹrú. Ẹni tí ó bá pè é ní "ẹ̀rọ ẹrú" tẹ̀lé gbòǹgbò ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ayípo agbésẹ̀ náà ń gba àṣẹ. Bí nǹkan bá dí i lọ́nà, kì í padà wá sọ. Èyí tí ó ní awọ̀nyípo ní ìdí ń ròyìn ibi tí ó dé. Ajábọ̀ ni orúkọ tí ó bá a mu. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ sì ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ́. Orúkọ náà yóò tún rán ẹni tí ń rajà létí láti béèrè bóyá ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀ gbọ́ èdè tí ẹ̀rọ ayípo náà fi ń jábọ̀.

Àwọn kan yóò ní kí mọ́tò máa jẹ́ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ àyálò kò burú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni mọ́tò lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá, "mọ́tò oníná" sì ti di ọkọ̀ tí kì í mu epo. Wọn yóò tún ní àwọn oníṣẹ́ ń ṣe iṣẹ́ wọn láìsí èdè-ìperí. Òtítọ́ ni pé ọ̀gá tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n, òun sì ni a ń kọ ìwé fún.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 la ọ̀nà fún ẹ̀ka èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba ibi iṣẹ́ kọjá kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Kí àwọn olùtúmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn fún oníṣẹ́, kí wọ́n ní kí ó fi yan ẹ̀rọ kan. Bí ó bá yàn án tọ̀nà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣì í yàn, kí wọ́n padà sídìí ọ̀rọ̀ náà.