Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ará Àgọ́ṣáṣà, nílẹ̀ Yewa létí ẹnubodè, kò nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó túmọ̀ òwe yìí fún òun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa. Nígbà tí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, títì ni wọ́n fi Ìdí-Ìrókò tiwa sílẹ̀. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó rántí ibẹ̀. Ọjà ò torí ìyẹn tú. Ẹni tí ẹrù òdìkejì ń bọ́ tẹ́lẹ̀ bọ́ sídìí gàrí, ẹlòmíì yíjú sí epo pupa, ẹlòmíì kọrí sí Sángò. Ọ̀nà ni ìjọba tì, wọn ò rí ọjà tì.

Orin ni mo fẹ́ fi òwe náà wò. Lójú ọ̀pọ̀ ọmọ tó lóhùn ní agbègbè wa, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí olórin ń gbà là: kó wọ mọ́tò lọ sí Èkó, kó tò sórí ìlà láti ìdájí, kó kọrin fìrí níwájú àwọn adájọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n sì ní kó máa bọ̀. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ ńkọ́? Ó di pé orin ti kọ òun nìyẹn. Á ká ohùn rẹ̀ kò, á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdíje MTN Project Fame West Africa ti ọdún 2013. Olawale Ojo ló gbégbá orókè lọ́dún náà. Niniola Apata, ọmọ Èkìtì, wà lára àwọn tó bá a figa gbága, ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ kò kàn án. Ó padà sílé láìgba ipò kìíní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2014, ó gbé «Ibadi» jáde, Sarz ló bá a to ìlù rẹ̀. Ìlù «house» tí àwọn ará South Africa fẹ́ràn ló mú, ó wá da Yorùbá lé e lórí, Yorùbá olófòófó, Yorùbá ìdí ìjó, kì í ṣe ti orí pẹpẹ. Ní 2017 ó kọ «Maradona», ó fi ọkùnrin oníṣekúṣe wé agbábọ́ọ̀lù tó ń fi ẹsẹ̀ tan èèyàn jẹ. Nígbà tó fi máa di 2019, tí Beyoncé ń ṣe àwo orin The Lion King: The Gift, «Maradona» ló yá nǹkan nínú rẹ̀ fún «Find Your Way Back», orúkọ Niniola sì wà lára àwọn tó kọ orin náà.

Ṣé àwọn adájọ́ ṣìwà hù ni? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, orin olórin ni wọ́n sábà máa ń ní kí olùdíje kọ. Òṣùwọ̀n ẹlòmíì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí Niniola wá fi dá ọjà sílẹ̀ kò tíì sí lórí àtẹ lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá dá a lẹ́jọ́? Ká má tíì sọ ti àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ń dìbò: ọmọ tí ẹbí rẹ̀ lówó káàdì a máa dà bí ẹni tó mọ orin kọ ju ẹlòmíì lọ.

Òkè òkun náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ń gbọ́ Jim Reeves àti Don Williams lórí rédíò mọ irú orin tí mò ń wí, orin àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà. Carrie Underwood, ọmọ oko láti Checotah ní Oklahoma, ló gba American Idol ní 2005, ọ̀nà tààrà ló sì gbà wọjà. Ṣùgbọ́n ní 2003, Miranda Lambert láti Texas ṣe ipò kẹta nínú ìdíje Nashville Star. Àwọn méjèèjì ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí orin kan náà báyìí.

Òwe náà ní ojú kejì tí a kì í sábà wò. Bó ṣe ń tu ẹni tí wọ́n dá padà nínú, bẹ́ẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó gba ife: ojú ọ̀nà lo ṣì wà. Iyanya ló gba Project Fame àkọ́kọ́ ní 2008, ọdún gorí ọdún kí «Kukere» tó sọ ọ́ di ẹni tí ọmọdé ń jó orin rẹ̀ nígboro. Mercy Chinwo gba Nigerian Idol ní 2012. 2018 ni «Excess Love» tó jáde, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì gbé e káàkiri. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní sójú títì nítorí pé títì náà dára, ọkọ̀ á gba orí rẹ̀ kọjá.

Àwa tí a ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílẹ̀ Yewa yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Àárín ọjà gan-an ni olórin Ẹ̀fẹ̀ ti ń kọrin lóru. Kò sí tábìlì adájọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti júbà àwọn ìyá tán, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń bá ìlú wí, ìwà ẹni tó jalè, ti ọba tó gbàgbé ara rẹ̀. Bí orin bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á ní kó tún un kọ. Bí kò bá wọ̀ wọ́n, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó lè gbà á. Ní 2001 ni UNESCO tó gbé oríyìn fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà ti dìbò tipẹ́.

Mi ò sọ pé kí ọmọ wa má lọ o. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé ohùn dé ibi tí mọ́tò ò lè gbé e dé. Òun ló gbé Chidinma Ekile, ọmọ tí wọ́n bí ní Kétu l'Ékòó, jáde ní 2010. Kó lọ, kó kọ ọ́ dáadáa. Kó ṣáà má fi orin ara rẹ̀ sílẹ̀ sílé.

Timi Dakolo, ọmọ Bayelsa tó gba Idols West Africa ní 2007, di olùdájọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí The Voice Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Orin tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n ńkọ́? «Iyawo Mi» ni, ó sì fi Yorùbá sọ orin náà lórúkọ. Bí dí-jéè bá fi í sí i níbi ìgbéyàwó, ìbáà ṣe ní Ìlaròó tàbí ní London, tọkọtaya á dìde jó. Ẹ bi wọ́n léèrè ọdún tó gba ife. Wọ́n á ní, ife wo?