Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tí Kò Ní Akẹ́kọ̀ọ́

Agbára káká ni èèyàn yóò fi rí ìsọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan ní Ládìpọ̀ tí kò ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú 219 kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà ní Nàìjíríà, 64 ni ẹnikẹ́ni kò forúkọ sílẹ̀ fún lọ́dọ̀ JAMB. Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ló sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pinnu pé òun kò ní dá ilé ẹ̀kọ́ gíga tuntun tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún 7.

Ìpinnu náà dára, àmọ́ ó pẹ́, kò sì kan ẹni tí ìyà ń jẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni tí kò rí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí owó oṣù san. Olùkọ́ á wábi gbà, ìwọ̀nba ọmọ tó ṣẹ́kù á sì máa wojú ara wọn. Bí wọ́n bá ti gééètì pa lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò ti gba èsì ìdánwò wọn?

Lọ́dún 2022, Ìpínlẹ̀ Èkó da kọ́lẹ́ẹ̀jì Adeniran Ogunsanya pọ̀ mọ́ ti Michael Otedola, ó sì sọ wọ́n di yunifásítì kan ṣoṣo. Ọgbọ́n wà nínú ìdàpọ̀ yẹn. (Ti orúkọ yunifásítì ni kò wúni lórí: irú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí òbí máa fojú pa NCE rẹ́.)

Kí ìjọba pàṣẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ darapọ̀ mọ́ èyí tó lágbára, kí wọ́n sì kó àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síbi ààbò kí ilẹ̀kùn tó tì. Yàrá ìkàwé tó bá ṣófo, kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ Ládìpọ̀ náà lè gba ìwé ẹ̀rí.