Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn àgbà ń ṣe ní aginjù Arizona

Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní òkè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ a máa wa ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ lọ sí aginjù Arizona. Bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, inú ọkọ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ta ilé wọn pátá. Ilẹ̀ ìjọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Quartzsite tí wọ́n lè pàgọ́ sí láti ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, di ọjọ́ 15, oṣù kẹrin; 180 dọ́là ni wọ́n ń gbà lọ́dún 2020.

Ẹlòmíràn a yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba. Yóò gbálẹ̀, yóò fọ ṣáláńgá, yóò júwe ọ̀nà fún àlejò. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Àyè ìgbọ́kọ̀sí, omi àti iná ni wọ́n ń fún un. Èyí kò burú, ó sàn ju kí àgbà jókòó sílé kó máa ka òrùlé lọ.

Àmọ́ òfin ètò yìí kò gbà kí olùyọ̀ǹda gba iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba lé òṣìṣẹ́ ọgbà bíi 1,000, kí ilé ẹjọ́ tó dá sí i. Ta ni yóò wá fọ ṣáláńgá ọ̀hún? Bó bá jẹ́ arúgbó tí kò níbòmíràn tí yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ni, ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda mọ́. Kí ìjọba Amẹ́ríkà gba òṣìṣẹ́, kó sì sanwó fún wọn.