Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ẹ Bi Àgbà Léèrè Nígbà Tí Ó Wà



Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ta ni a ó bi nígbà tí ẹni tí ó mọ ọ̀nà bá ti lọ?

Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dahomey, kó ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tí ń jẹ́ Kossola lẹ́rú. Apá Bantè, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ni àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ó ti wá. Wọ́n mú un dé Ouidah, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ Clotilda pẹ̀lú àwọn ẹrú tí ó tó nǹkan bí 110. Alabama ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ òfin ti ka kíkó ẹrú wọ ilẹ̀ náà léèwọ̀ láti 1808.

Nígbà tí Kossola darúgbó, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1927 àti 1928, òǹkọ̀wé kan, Zora Neale Hurston, lọ bá a. Kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ó fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé kí i, omi sì bọ́ lójú bàbá náà. A máa gbé èso lọ fún un, wọn a jọ jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí bàbá kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a padà láìbínú. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kossola kú ní 1935. Ìwé náà, Barracoon, jáde ní 2018. Bí kò bá sí ẹni tí ó bi í, a kì bá tí gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní 2003, Dave Isay dá StoryCorps sílẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan ní New York. Ìyá àti ọmọ, tàbí ọ̀rẹ́ méjì, a jókòó fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ọ̀kan a máa bi èkejì nípa ayé rẹ̀, wọn a sì gba ohùn wọn sílẹ̀.

Tẹlifóònù tó àwa láti ṣe é ní Kútọnu. Nínú ìdílé wa ni àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Abidjan ní 1958 wà, àti àwọn tí ó sá wálé láti Nàìjíríà ní 1983. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1958 ti lé ní 80 ọdún báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́.

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà. Ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà. Ẹ bèèrè ohun kékeré: Ẹrù wo ni ẹ gbé dání? Ta ni ó gbà yín sílé? Bí ó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ní kí ó má jáde nílé, kí ó má jáde. Kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò náà ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́, nítorí tẹlifóònù a máa sọnù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, bí ẹ bá jẹun ọ̀sán tán, ẹ fa àga súnmọ́ ọ̀dọ̀ wọn. Ó dìgbà.