Ẹni Tó Ń Ta Iná Kọ́ Ló Yẹ Kó Máa Ṣọ́ Iná

Gbogbo yín lẹ gbọ́ àríyànjiyàn tí a ṣe ní ìpàdé tó kọjá: ṣé ó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná? Ìhà "ó yẹ" ni mo wà, àwa la sì gbégbá orókè. Inú mi dùn títí a fi jáde. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rẹ́ mi kan tí ilé wọn wà lágbègbè Àjàòkúta ti dá mi dúró: "Geregu tí ẹ ń dárúkọ yẹn, kò jìnnà sí ilé wa rárá. Ṣé ẹnì kan ti bi bàbá mi léèrè?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò yí ohùn padà. Ẹni tó bá ti fi tọ́ọ̀ṣì kàwé lálẹ́ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ iná. Ohun tí a gbàgbé ni ta ni yóò máa ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà, ta ni yóò sì máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀. A kì í gbé iná sórí òrùlé ká lọ sùn.

Ẹ wo Jàpáànì. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun, omi sì ya wọ ilé iṣẹ́ Fukushima Daiichi. Omi tó ga tó mítà 5.7 ni wọ́n múra sílẹ̀ fún, èyí tó dé lé ní mítà 13. Iná tó ń ti ìta wá ti lọ (èyí kò ṣàjèjì sí wa), ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó gbà á sì wà ní ìsàlẹ̀ ilé, omi bò wọ́n. Núkílíà kò dà bí ààrò téèyàn á kàn yọ igi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ ti pa ẹ̀rọ náà, inú rẹ̀ ṣì ń gbóná fún ọjọ́ púpọ̀, omi gbọ́dọ̀ máa tù ú. Kò sí iná tí yóò fa omi náà, ni inú ẹ̀rọ mẹ́ta bá yọ́. Àwọn tó fi ilé wọn sílẹ̀ lé ní 150,000.

Èyí tó dùn mí jù ni pé TEPCO tó ni ilé iṣẹ́ náà ti ṣírò rẹ̀ ní 2008 pé omi lè ga ju mítà 15 lọ. Wọn ò mọ ògiri kankan kún un. Àjọ tó yẹ kó fi dandan lé e ńkọ́? Abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan náà tó ń polówó núkílíà ló wà! Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin wọn gbé kalẹ̀ sọ ọ́ gbangba ní 2012 pé àfọwọ́fà ni àjálù náà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n tó dá àjọ mìíràn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ Onagawa, tó tilẹ̀ sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì jù, kò bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, torí orí ilẹ̀ gíga ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ará àdúgbò tí omi gba ilé wọn, inú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n sá sí.

Ṣebí àwa náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń fún họ́sítẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ní máàkì níbi àyẹ̀wò ọjọ́ Sátidé, ta ló gba márùn-ún rí nínú mẹ́wàá? Gọ́tà sì ń rùn.

Ní tiwa, òfin ọdún 1995 ló dá àjọ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ núkílíà, NNRA, sílẹ̀, 2001 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í ṣe òun ni àjọ tó fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ti wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria láti 2004, ìwádìí ni wọ́n ń fi ṣe. Àmọ́ Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom tí wọ́n dárúkọ fún ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ju ti ìwádìí lọ. Mo fẹ́ kí NNRA lọ bá àwọn ará ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí wọ́n fi èdè Ebira àti Ibibio ṣàlàyé, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì ńlá inú ìwé nìkan. Kí wọ́n sọ ọ̀nà tí wọ́n á gbà sá bí nǹkan bá ṣe. Kí èsì àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan wà níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ẹnì kan sọ fún mi pé kí ni ará oko mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì. Ó mọ omi. Ní 2012 tí odò Ọya kún, tó gba ilé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kogi, ojú wọn ló ṣe. Omi ló sì ba Fukushima jẹ́.

Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi pé tó bá dé ilé, kó bi bàbá rẹ̀ ibi tí omi náà dé lọ́dún yẹn. Bí a bá wọlé padà, màá kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí.