Owó Òyìnbó Ń Padà Sọ́wọ́ Olówó, Tiwa Ń Kọ́?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì, kó 180,300 dọ́là àti ọkọ̀ 53 lé àwọn aṣojú ilẹ̀ Kánádà lọ́wọ́. Ní Kánádà ni wọ́n ti jí àwọn ọkọ̀ náà kó wá síbí. Owó yẹn, ti ará Kánádà kan ni, tí àwọn oníjìbìtì orí ayélujára gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Olówó gbowó, ọlọ́kọ̀ gbọkọ̀. Inú wa dùn sí i, nítorí ohun tí olè bá jí, dídá a padà ló tọ́. Ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan tí a kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn: ta ni yóò bá ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ní Òsì, ní Ìlọ́fà tàbí ní Odò-Ọ̀wá, níhìn-ín ní Kwara, gba tirẹ̀ bọ̀ láti òkèèrè?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò sí irú wọn. Nígbà tí MMM, ètò ìlọ́po owó tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, tì pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, owó tíṣà, owó òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti owó ọlọ́jà ló bá a lọ. Mavrodi kú ní 2018, ọ̀rọ̀ náà sì bá a wọlẹ̀. Kò pẹ́ tí a gbàgbé ni CBEX, irú ètò kan náà lórí ayélujára, dé. Ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ṣèlérí, ibi tí nẹ́tíwọ̀kì bá sì ti dé ni CBEX dé. Nígbà tí wọ́n ti owó mọ́lé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn ará Ìbàdàn fi ìbínú ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, wọ́n kó ohun tí ọwọ́ wọn bá. Ẹni tó wà ní Àràròmí-Ọ̀pin kò tilẹ̀ rí àga gbé. Kàkà kí àwọn oníṣẹ́ ibi náà sá lọ jẹ́ẹ́, wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ san 100 dọ́là sí i. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju 1,000 dọ́là lọ, kó san 200. Àwọn kan san án. EFCC kéde orúkọ àwọn tí wọ́n ń wá, wọ́n ní àwọn àti Interpol yóò jọ tọpa ọ̀ràn náà. Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní 2025 sì ti sọ pé ẹni tó bá dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá jura. Òfin wà, owó ni a kò rí.

A kò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ Yahoo, àwọn oníjìbìtì orí ayélujára wa. Ẹni tó bá ń ṣàánú wọn, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Marquette, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan rí ìkíni lórí Instagram lọ́wọ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan láti Èkó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fẹ̀tàn gba àwòrán ìhòòhò rẹ̀, wọ́n ní kó san 1,000 dọ́là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni àwọn máa fi í ránṣẹ́ sí. Ó san 300. Wọn kò tú u sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kí i títí dìgbà tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lóru yẹn, kò tó wákàtí mẹ́fà. FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti EFCC jọ tọpa àwọn méjèèjì. Nàìjíríà fà wọ́n lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé ẹjọ́ sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹni tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń pè ní “client”, tí wọ́n ń pè ní “maga”, ọmọ ẹnìkan ni.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ẹ̀ka EFCC tó wà níbẹ̀ ń gbé lọ sí kóòtù, abala 324 ìwé òfin Penal Code ni wọ́n fi ń mú wọn: ọmọkùnrin kan fi irọ́ pe ara rẹ̀ ní obìnrin òyìnbó kó lè fi gbowó. Ọmọ náà á ní òun jẹ̀bi. Wọ́n á gba iPhone rẹ̀, wọ́n á gba ọkọ̀ bí ó bá ní, adájọ́ á dá oṣù mélòó kan fún un tàbí owó ìtanràn, ẹbí á sáré san án, ó di ilé. Ta ló lù ní jìbìtì? Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wọ̀nyí, ẹni tí owó rẹ̀ lọ kì í yọjú. Inú fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ náà nìkan ni a ti ń rí i. Bóyá Ohio ló wà, bóyá Jámánì, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń pe orúkọ òun ní kóòtù kan ní Kwara. Kì í ṣe pé a fẹ́ kí wọ́n máa fi ọdún mẹ́tàdínlógún na gbogbo ọmọ tó bá purọ́ lórí Facebook. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹjọ́ tí olùpẹjọ́ kò ti sí nílé, fúyẹ́fúyẹ́ ni yóò máa parí.

Àdéhùn tó lè mú ẹni náà wá jẹ́rìí, bí kò tilẹ̀ kúrò lórí àga ní ilé rẹ̀, kò ṣàì sí. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn ìrànwọ́ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní 1989, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti 2003. Ní 2022, orílẹ̀-èdè wa wọ inú Àdéhùn Budapest lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà. Abala 35 rẹ̀ ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yan ibì kan tí kì í ti ilẹ̀kùn, tọ̀sán-tòru, tí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù lè ké sí kíákíá kí ẹ̀rí má baà parẹ́. Ẹ̀tọ́ kan náà tí Amẹ́ríkà ní láti ké sí wa ni àwa náà ní láti ké sí wọn.

Àkókò ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. FBI ní ikọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó sáré pe báńkì kí owó jìbìtì tó wọgbó. Ní ọdún 2023, nínú nǹkan bíi 758 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ikọ̀ náà, wọ́n dá nǹkan bíi 538 mílíọ̀nù dúró sínú àkáǹtì. Ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn.

Ẹ gbé e wá sí Ìlọ́fà. Àlááàtì wọlé sórí fóònù ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀: owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́ta ti jáde. Ó pe nọ́ńbà báńkì, ẹ̀rọ ló ń dáhùn. Ó sáré lọ bá ọmọ onípíọ́ọ̀sì. Ìyẹn ní kí Mama lọ sí báńkì. Ní ọjọ́ Ajé, ó wọkọ̀ lọ sí Òmù-Àrán. Wọ́n ní kó lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá, kó sì lọ búra ní kóòtù. Nígbà tí yóò fi padà dé pẹ̀lú ìwé méjèèjì, owó ti gba inú àkáǹtì mẹ́ta kọjá, àkáǹtì àwọn tó ń fi “aza” wọn háyà fún oníjìbìtì nítorí ìdá díẹ̀, ó sì ti di kírípítò. Ibi tó bá dé nígbà yẹn, Interpol nìkan ló kù tó lè tọpa rẹ̀, ta ni yóò sì bá Mama kọ̀wé sí Interpol?

A mọ̀ pé ẹni tí kò tíì sùn fọkàn balẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pa Olúkòrò, ọba Kòrò, nínú ààfin ní oṣù Kejì ọdún 2024, tàbí láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, lè bi wá pé ṣé ọ̀rọ̀ Yahoo ló kàn. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n síìmù tí ajínigbé fi ń pe ẹbí, ojú kan náà ni à ń gbà tọpa rẹ̀ àti tọpa síìmù oníjìbìtì. Ọlọ́pàá tí kò lè ṣe ti ọ̀kan kò ní lè ṣe ti èkejì.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wà láàárín àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù báyìí, ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, EFCC kó ènìyàn 792 nínú ilé alájà méje kan ní Victoria Island ní Èkó. Àjèjì 193 wà nínú wọn, 148 sì jẹ́ ará Ṣáínà. EFCC ní ṣe ni àwọn àjèjì náà gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́ láti máa fa ojú àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mọ́ra, àwọn ọ̀gá á wá gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tó bá kan owó. Ní 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn àjèjì náà padà sí ìlú wọn lẹ́yìn ìdájọ́. A fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ibẹ̀ tọpa ẹni tó rán wọn níṣẹ́, tàbí bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ni ọ̀rọ̀ parí.

Kí àwọn àgbà má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ni. Ọba aládé ni Àpetù Ìpetumodu tí ilé ẹjọ́ kan ní Ohio sọ sẹ́wọ̀n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 nítorí owó ìrànwọ́ Covid. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń san èyí tó pọ̀ nínú gbèsè irú ìwà bẹ́ẹ̀. Orúkọ Òsì ti dé òkè òkun tipẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ Àrẹógún agbẹ́gilére ló gbé e débẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ère rẹ̀ ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn dòní. Ṣùgbọ́n bí agbẹ́gilére kan ní Òsì bá fẹ́ ta ère fún ará Toronto lórí ayélujára lónìí, ìfura ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí PayPal wọ Nàìjíríà ní 2014, wọ́n ń jẹ́ ká fowó ránṣẹ́, wọn kò jẹ́ ká gbà.

Ohun tí à ń béèrè kò ju agbára ìjọba lọ. Kí tèṣọ́n ọlọ́pàá ní Òsì àti Ìlọ́fà ní ẹnìkan tó mọ bí a ṣe ń fi ẹjọ́ jìbìtì ránṣẹ́ sí ibùdó ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní Àbújá ní wákàtí kan náà tó wọlé, láìgba kọ́bọ̀. Kí báńkì kọ́kọ́ dá owó dúró kó tó béèrè ìwé ìbúra. Kí KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara, sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá sí ọgbà Òsì pé ẹni tó bá fi àkáǹtì rẹ̀ háyà ti wọ inú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Nígbà tí EFCC bá sì tún fẹ́ jókòó pẹ̀lú FBI, pẹ̀lú Kánádà tàbí pẹ̀lú Interpol, kí wọ́n gbé fáìlì CBEX sórí tábìlì kí wọ́n tó gbé èyíkéyìí mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ fún aráàlú iye tí wọ́n rí gbà àti orílẹ̀-èdè tí kò dá wọn lóhùn. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ní Àràròmí-Ọ̀pin àti ní Ìlọ́fà, níbi tí àwọn tó fẹ̀yìn tì ti ń tò lórí ìlà.