Ẹni Tó Gbé Ata Wá sí Mile 12, Níbo Ni Yóò Sùn?

Ní àwọn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ọtí kì í ṣe ibi ọtí nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní yàrá lókè, tí arìnrìn-àjò lè jẹun alẹ́ nísàlẹ̀, kí ó gòkè lọ sùn, kí ó sì jẹun òwúrọ̀ kó tó bá tirẹ̀ lọ. Bí ó bá mú ajá dání, ìyẹn kò dá wàhálà sílẹ̀. Òfin ìmọ́tótó wọn kò fẹ́ ajá níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé ni ó wà bóyá ajá lè jókòó níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ onílé a sì máa gbé abọ́ omi sẹ́nu ọ̀nà de ajá.

Yorùbá tó bá gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọyì ajá, nítorí ọdẹ mọ ohun tí ajá rẹ̀ ń ṣe fún un nínú igbó. Ohun tó yẹ kó pa ẹ̀rín náà mọ́ni lẹ́nu ni pé ní Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbé oúnjẹ Èkó wá láti ọ̀nà jíjìn kò ní ibùsùn tó tó ti ajá àlejò náà.

Láti Kano, Kaduna, Katsina àti Plateau ni tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti ànàmọ́ ti ń wọ ọjà yìí. Ìrìn Kano sí Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Tòmátì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà awakọ̀ kì í lè sinmi bó ṣe yẹ lójú ọ̀nà. Oorun tí kò sùn ló ń gbé wọ Kétu. Bí àwọn alábàárù bá já ẹrù tán, ọjà kò tíì parí: a ó tà á, a ó sì dúró de owó. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò rí wọn. Àwọn kan wà lábẹ́ ọkọ̀, àwọn kan sùn lórí apẹ̀rẹ̀ òfìfo, àwọn mìíràn na ara sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, òjò ń pa wọ́n, owó ọjà sì wà lára ẹlòmíràn tí kò jẹ́ kó lè di ojú méjèèjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa tún di ìdarí ọkọ̀ mú ní ọjọ́ kejì, lójú ọ̀nà kan náà tí gbogbo ayé ń gbà.

Ní ti oúnjẹ, Mile 12 kò jẹ àlejò ní gbèsè. Bùkà wà níbẹ̀ tí èèyàn ti lè jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà, ìrẹsì tàbí tùwó. Orúkọ náà gan-an láti inú èdè Hausa ni ó ti wá: àgọ́ koríko ni wọ́n ń pè ní bukka kó tó di ilé oúnjẹ lẹ́nu Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí olóúnjẹ bá ti gbé ìkòkò kalẹ̀, tó sì to àga lé orí tábìlì, àlejò yóò padà sínú òkùnkùn. Ilé oúnjẹ wà. Ilé oorun ni kò sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó ni ilé tí àlejò ti ń jẹ, tó sì ń sùn. Nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander ṣí ní Àgbádárìgì ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí wọ́n ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn olórí ìlú tí wọ́n gbà kọjá ló ń fún wọn nílé, tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn. Ní Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, onílé tí àwọn Hausa ń pè ní mai gida ló ń gba oníṣòwò màlúù àti olóbì sílé. Yóò bọ́ ọ, yóò fún un ní ibùsùn, yóò bá a wá oníbàárà, yóò sì dúró fún un lórí àwìn. Abner Cohen ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1969. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé ibùsùn ni ìpìlẹ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tí a bá gbà sílé ti ní orúkọ. Ẹni tó bá ń sùn níta yóò máa jẹ́ àjèjì títí.

Àìmọra-ẹni kì í ṣe ohun kékeré. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, Yorùbá àti Hausa kọlu ara wọn ní Mile 12, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé sì ti ọjà náà pa. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò Àríwá dá oúnjẹ àti màlúù tó ń bọ̀ ní Gúúsù dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ọbẹ̀ sì wọ́n. Ilé oorun nìkan kò lè parí ìjà, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbé igi lé ẹni tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ ẹni fún ọdún mẹ́wàá lórí.

Àwọn kan yóò ní òtẹ́ẹ̀lì wà ní Kétu àti Ìkòsì. Òótọ́ ni, àmọ́ owó yàrá kan níbẹ̀ kì í ṣe owó ọmọ ọkọ̀. Àwọn mìíràn yóò bẹ̀rù pé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè di ibùba ọ̀daràn. Èwo ló wá léwu jù: ẹni tó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kó tó sùn, àbí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú òkùnkùn? Ẹnikẹ́ni kò sì béèrè fún ọ̀fẹ́. Orúkọ Kòsọ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń dún létí bí ẹni pé ó ń kìlọ̀ pé kò sí ọ̀fẹ́. Yàrá gbọọrọ tó ní ibùsùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn, balùwẹ̀, ilé ìgbẹ́ tó mọ́, àpótí tí a ń tì, àti ààyè ọkọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́, ní iye tí awakọ̀ lè san, ti tó.

Agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba Èkó. Láti 2009 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ìwé àṣẹ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ń gba owó lórí oúnjẹ àti oorun kò yẹ kó gbàgbé ẹni tó gbé oúnjẹ náà wá. Bí wọ́n bá ní ibùdó oúnjẹ ńlá tí wọ́n ń kọ́ sí Kétu-Èrèyún ní Ẹ̀pẹ́ yóò tán ìṣòro náà, kí wọ́n rántí pé Kétu ti Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe Kétu ti Mile 12. Kí ilé oorun wà níbẹ̀, kí ó sì wà níhìn-ín pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn tó ń lé ebi jìnnà sí Èkó ló ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Mile 12 lálaalẹ́. Bí abúlé Gẹ̀ẹ́sì bá lè gbé omi sílẹ̀ de ajá àlejò, ó yẹ kí Èkó lè tẹ́ ẹní fún ẹni tó gbé ata ọbẹ̀ rẹ̀ wá.